Oúnjẹ Màmá Bàrígà

Ọjọ́ Ajé kan ni ọmọ mi, Níní, jí lójú oorun ọ̀sán tó ní òun kò jẹun, òun ti yó. Ìyá rẹ̀ ti gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Níní ti àwo náà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì gùfẹ̀. Òórùn ẹja gbígbẹ ni. Kò sí ẹja gbígbẹ nínú ilé wa lọ́jọ́ náà, kò sì tíì sí i láti bí ọdún méjì.

"Kí lo jẹ?" ni Sabina, ìyàwó mi, bi í.

"Oúnjẹ."

"Níbo?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni pé ìyá rẹ̀ kò gbọ́n tó. "Níbi tí mo sùn sí ni, Mọ́mì."

A rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, a sì rò pé aládùúgbò kan ló fún un ní nǹkan jẹ nígbà tó ń bọ̀ láti iléèwé. Mo wá yíjú sí àpótí dígí tí àwọn ẹja mi wà, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló gba ẹ̀rín lẹ́nu mi. Èyí tí Níní ń pè ní Sísí Yẹ́lò ti fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, ó ń mí gúlegúle, ikùn rẹ̀ sì ti wú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mùíz lorúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, iṣẹ́ gígé ìwé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá tẹ̀wé tó sì dì í tán, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé e wá kí ẹ̀rọ wa lè gé etí rẹ̀ kó gún. Bí etí ìwé bá wọ́ díẹ̀ báyìí, mi ò ní lè sùn. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa sin ẹja. Méje ni mo ní, irú èyí tí wọ́n ń pè ní síkílíìdì, tí ìran wọn wá láti adágún ńlá kan ní ìlú Màláwì. Àwọn àna mi, apẹja ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n ń gbé létí omi ní Bàrígà, kò yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹja tí ẹ ò yan, tí ẹ ò sè, kí ló ń ṣe nínú ilé? Ṣé àlejò ni?"

Ikúmápàyí tó ta àwọn ẹja náà fún mi ní Onípánu ti kìlọ̀ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Ewéko ara òkúta ni ìran ẹja yìí ń jẹ. Ikùn ló ń pa wọ́n. Bó o bá ti wọlé, wọ́n á sáré wá síbi dígí, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ bí alágbe. Má dá wọn lóhùn. Bó o bá fún wọn lẹ́ran tàbí tó o fún wọn lóúnjẹ jù, inú wọn á wú, wọ́n á kú."

Ó tún kọ́ mi ní àmì rẹ̀. Ẹja náà á kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Á wá ibi tó ṣókùnkùn fara pamọ́ sí. Á máa mí gúlegúle. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikùn rẹ̀ á wú, ìwọ̀nba ọjọ́ ló sì kù fún un. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo bọ̀ rọ̀ ni mò ń fún wọn, pẹ̀lú oúnjẹ oníhóró díẹ̀ láàárọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nígbà tí èmi náà bá ń gbààwẹ̀, wọn kì í jẹ nǹkan kan. Sabina máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé Mùsùlùmí méje ni ọkọ òun ń sìn nínú omi.

Nítorí náà, inú ló kọ́kọ́ bí mi nígbà tí mo rí Sísí Yẹ́lò. Mo rò pé ẹnì kan ti fún un lóúnjẹ lẹ́yìn mi. Mo pààrọ̀ omi, mo bu iyọ̀ sí i, mo lọ sí Fádèyí lọ ra fílájìlì, mo lọ̀ ọ́, mo sì wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ọjọ́ kẹta ló kú. Mo kó agolo oúnjẹ wọn sínú àpò iṣẹ́ mi, mo sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ wúrà.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Níní tún jí, ó tún ní òun ti yó. Òórùn ẹja gbígbẹ náà tún ti jáde. Mo wo inú omi, ikùn ẹja méjì ti wú. Ọjọ́ ààwẹ̀ wọn ni, agolo oúnjẹ sì wà léjìká mi.

Sabina kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó fà mí wọ yàrá, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

"Bàbá Níní, ọmọ yìí ń jẹun lójú àlá."

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí, yálà Mùsùlùmí ni tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Ẹni tó bá jẹun lójú àlá, wọ́n ní kò mọ ẹni tó gbé oúnjẹ náà fún un. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń bi wá láàárọ̀ bóyá a jẹ nǹkan lóru. Ẹ̀rù bà mí, mo sì díbọ́n pé kò bà mí. Mo ní kó má bẹ̀rù, pé ara ọmọ kò gbóná, ikùn rẹ̀ kò sì le.

"Ìyẹn gan-an ni mo ń rò," ni Sabina sọ. "Ara rẹ̀ dá. Àwọn ẹja ni ara wọn ò dá."

Àwọn méjèèjì kú. Ó ku mẹ́rin.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jókòó láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Sabina ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì dé. Orí ẹní níwájú àpótí ẹja ni Níní fẹ́ràn láti máa sùn, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó gba inú omi kọjá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn lára ògiri àti lójú ọmọ náà. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ilé wá dà bíi pé ó ń jìnnà díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò sùn, nítorí mò ń ka ìró pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi.

Níní bẹ̀rẹ̀ sí í jẹnu. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé, ó ń gbé e mì, ó ń dúró de òkèlè mìíràn. Àwọn ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá síbi dígí. Wọn ò wo èmi tí mò ń fún wọn lóúnjẹ, ọmọ ni wọ́n kọjú sí. Bó ti ń jẹnu ni wọ́n ń jẹnu. Bó bá gbé e mì, wọ́n á gbé e mì. Lójú mi báyìí ni ikùn ọ̀kan nínú wọn ń yọ, díẹ̀díẹ̀, títí ìpẹ́ ara rẹ̀ fi ṣí sílẹ̀. Mo nawọ́ kan ikùn ọmọ mi. Ó rọ̀, ó sì pẹlẹbẹ.

Ìgbà náà ló yé mi. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún Níní, àwọn ẹja ló ń bá a gbé e. Bí ẹja bá sì tán, inú ọmọ mi ló kàn.

Mo jí i. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń sunkún.

"Níní, ta ló ń fún ẹ lóúnjẹ?"

A ò tíì bi í ní ìyẹn rí. Ó yà á lẹ́nu pé mi ò mọ̀.

"Màmá Bàrígà ni, Dádì. Wọ́n ní ilé àwọn ni mo wà, pé ọmọ kì í wá sílé àwọn kó má jẹun."

Màmá Bàrígà ni ìyá ìyàwó mi. Ó ti kú láti ọdún méjì. Ẹja ló ń yan tà, òun ló sì ń fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, igba ó lé àádọ́ta, gbogbo etí wọn ló gún. Mo gé e dáadáa nítorí ojú ń tì mí. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi jẹ́ àna rẹ̀, mi ò jẹun nílé rẹ̀ rí. Púpurú ló máa ń gbé fún mi, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ara mi kọ òórùn èéfín tó wà lára púpurú náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn tí mo jẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, mo ti yó." Mo wá sọ ọ́ di àṣà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, ó máa gbé e wá, màá dọ̀bálẹ̀, màá sọ bákan náà. Á rẹ́rìn-ín, á bo àwo náà padà, á ní, "Ó dáa, ọkọ ọmọ mi. Ọjọ́ kan ń bẹ."

Nítorí èyí ni Sabina fi tọ́ Níní lọ́nà tirẹ̀. Àtìgbà tọ́mọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń sọ fún un pé, "O ò gbọ́dọ̀ kọ oúnjẹ Màmá Bàrígà láé. Bàbá ẹ ti bá wa kọ ọ́ tó."

Nígbà tí Sabina dé, tí mo sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá mi kì í ṣe èèyàn burúkú," ló ń sọ ṣáá. "Ó kàn ń fún ọmọ lóúnjẹ ni." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe mọ̀nà dé ibí? Kò wá sí Ṣómólú rí nígbà ayé rẹ̀. Ó ní àtẹ̀gùn ilé wa ga jù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi létí ìkarahun.

Omi líle, èyí tí ẹfun ìkarahun ti yọ́ sí, ni àwọn síkílíìdì ń fẹ́. Omi kànga ẹ̀rọ tiwa ní Ṣómólú kò le tó, nítorí náà àwa tí a ń sin wọ́n máa ń kó ìkarahun sí ìsàlẹ̀ omi kó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ìkarahun tèmi ti yọ́ tán. Mo lọ sí Bàrígà, mo bá ààrò tí ìyá ìyàwó mi fi ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, ìkarahun ni wọ́n tẹ́ sí ìdí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Mo rò pé pàǹtírí ni, mo kó o kún àpò ṣémẹ́ńtì kan. Mo fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta, nítorí mo fẹ́ràn ìmọ́tótó.

Kíá ni mo lọ bá Bùọ̀dá Japhet, ẹ̀gbọ́n Sabina, tó ń gbé ilé náà. Ó ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ọ̀sà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ròyìn. Kò gbójú sókè títí mo fi dé orí ìkarahun.

"Àna, ẹ tú ààrò Màmá?"

"Mi ò mọ̀, Bùọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Nínú ẹbí tiwa, ààrò ìyá tó bá kú, ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń fi í sílẹ̀. Ibi tí ààrò ìyá bá wà, ibẹ̀ ló ń pè ní ilé. Ẹ ti gbé Màmá lọ sílé yín, ẹ sì wá gbé e sínú omi pẹ̀lú ẹja." Ó fa okùn àwọ̀n náà le. "Ẹ kó o padà wá lọ́la. Ìyẹn á tó fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà láàárín ẹ̀yin àti Màmá, àwa kọ́ la máa bá yín parí ìyẹn."

Nígbà tí mo fi padà dé Ṣómólú, ẹja méjì ti kú lẹ́ẹ̀kan náà. Níní tún ti sùn lọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Méjì ló kù: Lánlọ́ọ̀dù, àgbà wọn, aláwọ̀ búlúù tó ń lé gbogbo àwọn yòókù kiri, àti kékeré kan tó ti ń lọ sẹ́yìn òkúta. Mi ò dúró de ọ̀la. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo ń kó ìkarahun. Sabina jí Níní, bí mo sì ti ń kó o ni mò ń kọ́ ọmọ náà ní ohun tó máa sọ bí wọ́n bá tún gbé oúnjẹ wá.

"Wí pé, 'Ẹ ṣeun, Màmá, mo ti yó.'"

"Mọ́mì ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ oúnjẹ wọn."

Sabina yíjú sógiri. "Wí bí bàbá ẹ ṣe ní kó o wí."

Níní kúnlẹ̀ bí ẹni pé ìyá àgbà náà wà níwájú rẹ̀, ó wí i. Ó wí i títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ohùn tèmi gan-an ló fi ń wí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí n tó gbé àpò ìkarahun náà jáde, ó sùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A jókòó tì í, Sabina di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ètè rẹ̀ mì, ẹnu rẹ̀ kò jẹ nǹkan kan. Ó lajú.

"Mo sọ ọ́," ló wí. "Wọn ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ nìyẹn, òun ló kọ́ ẹ.' Wọ́n ní kí n kí yín, Dádì. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ọjọ́ ti pé."

Sabina gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kíkankíkan. Mo bá a dúpẹ́. Mo gbé àpò náà lọ sí Bàrígà, èmi àti Bùọ̀dá Japhet to ìkarahun náà padà sí ìdí ààrò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹja kékeré náà kú lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe Lánlọ́ọ̀dù. Mo ra ìkarahun tuntun lọ́wọ́ Ikúmápàyí. Níní bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú ebi, ó ń jẹ ìrẹsì bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi sinmi.

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé láti ibi iṣẹ́, mo wà lẹ́nu ààwẹ̀. Mo kírun Àsárì tán, mo jókòó sórí àga níwájú Lánlọ́ọ̀dù, ìmọ́lẹ̀ omi ń rìn lára ògiri. Mi ò mọ ìgbà tí ògiri náà di ojú ọ̀sà. Mo gbọ́ ìró omi lábẹ́ pákó. Ìyá ìyàwó mi jókòó sórí àpótí rẹ̀ nídìí ààrò, ó ró aṣọ rẹ̀ mọ́yà, ó ń ṣí àwo.

"Ọkọ ọmọ mi," ni ó wí, "ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án sọ fún un. Kò sí níbẹ̀. Mo wá a lẹ́nu mi títí, mo wá rántí pé mo ti kó o fún Níní. Ìyá náà dúró dè mí pẹ̀lú sùúrù, èéfín ń rú lára àwo, mi ò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi kọ̀. Mo fọwọ́ bu òkèlè.

Ó dùn. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Púpurú náà rọ̀, ẹja náà gbẹ dé ibi tó yẹ, ata rẹ̀ ń jóni díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí fi ń sè é fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ń sunkún, ó bu òmíràn sí i.

Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́ ni mò ń lọ. Mo bi ààfáà bóyá oúnjẹ ojú àlá ń ba ààwẹ̀ jẹ́, ó ní rárá. Mi ò bi í ní nǹkan mìíràn. Lánlọ́ọ̀dù wà nínú omi rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ bí etí ìwé, kò sì wo ojú mi. Èmi ni sòkòtò mi kò pa dé mọ́. Mi ò fẹ́ oúnjẹ Sabina. Iná pálọ̀ ń dun ojú mi, mo ti gbé àga mi lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bí mo bá sì gun àtẹ̀gùn wa, mò ń mí gúlegúle. Sabina ń po iyọ̀ sómi fún mi. Ó ti lọ sí Bàrígà lẹ́ẹ̀mejì lọ bẹ ìyá rẹ̀. Bùọ̀dá Japhet ní ààrò náà tutù, ẹnikẹ́ni kò dáná níbẹ̀.

Lọ́sàn-án òní, Níní wá kúnlẹ̀ níwájú àga mi, ó ń wò mí bí mo ṣe máa ń wo àwọn ẹja. Oorun ti ń kùn mí. Ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ kan ikùn mi, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Dádì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti yó."

Mo gbọ́ ọ. Mi ò dá a lóhùn, nítorí ebi ń pa mí.